Ìwé Àṣẹ tàbí Gòkè-Jábọ́: Èwo Ni Kí Líìgì Rọ́gíbì Mú?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, London Broncos lọ bá Toulouse nílé wọn ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì nà wọ́n ní 18 sí 14 nínú àṣekágbá ìpele kejì. Ìyẹn ló gbé wọn wọ Super League, ibi tó ga jù nínú rọ́gíbì líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé kan fi jáde, ìwé tó to gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́sẹẹsẹ nípa owó, pápá, èrò ìwòran àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. London ṣe ipò 24. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n gòkè lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọdún 2024 nìkan ni wọ́n máa lò níbẹ̀, kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Wakefield Trinity ló gba àyè wọn ní 2025.

Ètò méjì, gòkè-jábọ́ àti ìwé àṣẹ, ló kọlu ara wọn lórí London. Àwọn tó fẹ́ràn eré yìí ti ń jiyàn lórí méjèèjì láti ọgbọ̀n ọdún wá, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ronú bí líìgì ṣe yẹ kó rí, ì báà ṣe ti rọ́gíbì tàbí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́

Rọ́gíbì líìgì ni ti ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, kì í ṣe ti ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ọdún 1895 ló yà kúrò lára ìyẹn, ní hòtẹ́ẹ̀lì George ní ìlú Huddersfield, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá fẹ́ san owó fún òṣìṣẹ́ tó pa ọjọ́ iṣẹ́ jẹ kó lè wá gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ìlú awakùsà èédú àti ìlú ilé iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀ ló ṣì ń gbé e ró títí dòní. Ibẹ̀ ni wàhálà tó kù ti ń yọ: eré tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni, àwọn ìlú kéékèèké tó sún mọ́ ara wọn gan-an ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Lábẹ́ gòkè-jábọ́, tábìlì ló ń dájọ́. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn lókè já sísàlẹ̀, ẹni tó bá borí nísàlẹ̀ gba àyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ojú àwọn ará Ìbàdàn nígbà tí 3SC já sí ìpele kejì kò nílò àlàyé kankan.

Lábẹ́ ìwé àṣẹ, ìgbìmọ̀ ló ń dájọ́. Wọn yóò kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀: pápá tó péye, ìwé ìṣirò owó tó mọ́, èrò ìwòran, ètò ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́. Ẹgbẹ́ tó bá yege gba àyè fún ọdún mélòó kan. Bó bá gbẹ̀yìn lórí pápá, ojú lè tì í, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kò lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé méjèèjì wò

Lọ́dún 1995, iléeṣẹ́ Rupert Murdoch fi £87 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n lè dá Super League sílẹ̀. Keighley Cougars ló ṣe ipò kìíní nínú ìpele kejì ní sáà náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. London tó ṣe ipò kẹrin nínú ìpele kan náà wọlé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní Paris láti wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Sáà méjì ni ti Paris lò kó tó pa rẹ́. Bí ẹ bá dé Keighley lónìí, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bí ẹ kò bá lásìkò láti jókòó.

Lẹ́yìn náà ni gòkè-jábọ́ padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbangba gbàǹgbà. Hunslet gba ife ìpele kejì ní 1999, wọ́n ní pápá wọn kò bójú mu. Dewsbury gbà á ní 2000, àwọn náà kò ríbi wọlé. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀ lójú tèmi: kí wọ́n ní kí o sáré, kí o sì dé òpin kí wọ́n tó sọ fún ọ pé bàtà rẹ kò yẹ.

Ní oṣù keje ọdún 2008, wọ́n fi ìwé àṣẹ ọlọ́dún mẹ́ta rọ́pò gbogbo rẹ̀, láti 2009. Ẹgbẹ́ 14 ló gbà á, Celtic Crusaders láti Bridgend ní Wales sì wà lára wọn, torí pé wọ́n fẹ́ kí eré náà ta gbòǹgbò síbòmíì. Crusaders kó lọ sí Wrexham ní 2010, owó tán, wọ́n sì fa ara wọn sẹ́yìn ní 2011. Bradford Bulls, tó ti gba ife Super League lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín 1997 sí 2005, ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọ gbèsè ní 2012 tí àwọn aṣojú onígbèsè fi wá gba àkóso. Featherstone Rovers ńkọ́? Ìlú èédú kékeré ni wọ́n ti wá. Wọ́n ṣe ipò kìíní nísàlẹ̀ ní 2010, 2011 àti 2012, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n lè gbà lọ. Ẹ ro ti olólùfẹ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà mẹ́ta tẹ̀léra, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí, tí ibi tí wọ́n wà kò sì yí padà.

Nígbà tí 2014 fi máa parí, àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ti sú ètò náà. Wọ́n dá jíjábọ́ padà.

Àsìkò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà

Ohun tí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn kì í fọwọ́ kàn ni kàlẹ́ńdà. Àṣekágbá ìpele kejì máa ń wáyé ní oṣù kẹwàá. Sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Ẹgbẹ́ tó gòkè ní oṣù mẹ́rin péré láti wá agbábọ́ọ̀lù, nígbà tí gbogbo ẹni tó dáa ti fọwọ́ síwèé níbòmíì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé Leigh gòkè fún sáà 2005, wọ́n borí eré méjì péré, wọ́n sì já. Wọ́n tún gòkè fún 2017, wọ́n tún já lọ́dún kan náà. Toulouse gòkè fún 2022, ọdún kan ni wọ́n lò.

Ìwé àṣẹ ń tún èyí ṣe, mo sì gbà pé oore tó tóbi jù tó ní nìyí. Wọ́n ti sọ fún Widnes ní oṣù kẹta ọdún 2011 pé wọ́n máa wà lókè ní 2012. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọdún kan gbáko láti múra. Síbẹ̀, àwọn ló gbẹ̀yìn ní 2012. Lábẹ́ gòkè-jábọ́, wọn ì bá ti padà sísàlẹ̀. Nígbà tó di 2014 wọ́n ti wà ní ipò kẹjọ.

Àpẹẹrẹ tó tún dáa ju ìyẹn lọ ni Catalans Dragons ti ìlú Perpignan. Nígbà tí wọ́n wọlé ní 2006, gòkè-jábọ́ ló wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún wọn ní ààbò ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbẹ̀yìn ní ọdún kìíní. Ní 2007 wọ́n dé àṣekágbá Challenge Cup, ìdíje ife tó yàtọ̀ sí ti líìgì, ní Wembley, ní 2008 wọ́n ṣe ipò kẹta, ní 2018 wọ́n gba Challenge Cup náà lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó san owó ààbò yẹn ni Castleford: wọ́n ṣe ipò 11 nínú 12 ní 2006, kì í ṣe àwọn ló gbẹ̀yìn, àwọn ló sì já. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fúnni láàbò, kó wo ẹni tó máa gba ìyà rẹ̀ jẹ.

Hull KR: ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí fún apá méjèèjì

Láti 2015 sí 2018, wọ́n ṣe eré kan lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Million Pound Game. Ẹgbẹ́ méjì, ọjọ́ kan, ẹni tó borí wà lókè, ẹni tó pàdánù sọ̀ kalẹ̀. Ní 2016, Hull Kingston Rovers gba Salford lálejò, ó sì ku díẹ̀ kí eré parí nígbà tí Salford gbá wọn mú. Àfikún àsìkò ló kù. Gareth O'Brien ti Salford gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó kọjá láàárín òpó méjì, 19 sí 18, ó parí. Ìtàgé tó dùn wò ni fún tẹlifíṣọ̀n. Fún akọ̀wé ọ́fíìsì, fún ẹni tó ń fọ aṣọ eré, fún akọ́ni àwọn ọ̀dọ́, iṣẹ́ wọn ló rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù kan tó fò lójú afẹ́fẹ́.

Ẹ má tíì dájọ́. Hull KR lo ọdún kan nísàlẹ̀, wọ́n tún ara wọn ṣe, wọ́n padà ní 2018. Ní 2020, ọdún kòrónà, àwọn ló gbẹ̀yìn. Toronto Wolfpack ti fi líìgì sílẹ̀ láàárín sáà, nítorí náà ẹnì kankan kò já lọ́dún náà. Hull KR bọ́. Ní 2021 wọ́n ṣe ipò kẹfà, ní 2025 wọ́n kó ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan: Challenge Cup, ipò kìíní lórí tábìlì, àti àṣekágbá tí wọ́n ti na Wigan ní 24 sí 6.

Alátìlẹyìn gòkè-jábọ́ á ní: ẹ ò rí i, jíjábọ́ ní 2016 ló jí wọn lójú oorun. Alátìlẹyìn ìwé àṣẹ á ní: bí wọ́n bá tún já ní 2020, ǹjẹ́ 2025 á wà? Mo rò pé ẹni kejì ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ẹgbẹ́ kan lè la jíjábọ́ kan já bí olówó rẹ̀ kò bá sá. Èkejì láàárín ọdún mẹ́rin ló máa ń pa wọ́n.

Owó

Díẹ̀ ni màá sọ níbí torí pé kò lọ́jú pọ̀. Owó tẹlifíṣọ̀n Sky tó tó nǹkan bíi £40 mílíọ̀nù lọ́dún títí di 2021 ti já sí nǹkan bíi £21.5 mílíọ̀nù láti 2024. Òdiwọ̀n owó tí ẹgbẹ́ Super League kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù jẹ́ £2.1 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ tó já kò ní rí ìpín owó tẹlifíṣọ̀n yẹn gbà mọ́, àdéhùn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí olówó fi máa ń fẹ́ ìwé àṣẹ: ta ló máa yá owó lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ láti kọ́ ìjókòó tuntun nígbà tí eré kan ṣoṣo lè gba orísun owó náà?

Ìdáhùn kan wà sí èyí, Leigh ni. Wọ́n gòkè ní 2022, Derek Beaumont tó ni wọ́n náwó, wọ́n yí orúkọ padà sí Leopards, ní 2023 wọ́n na Hull KR 17 sí 16 ní Wembley, wọ́n sì gbé Challenge Cup lọ sílé. Ìgbìmọ̀ kankan kì bá tí yan Leigh láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ló sáà kúkú yàn wọ́n fún 2021 láti fi dí àyè Toronto, eré méjì péré ni wọ́n sì borí lọ́dún yẹn.

Ẹ má fi Ọsirélíà tàn wá

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan á ní ẹ wo NRL, líìgì àwọn ará Ọsirélíà, wọn kì í jábọ́, wọ́n sì lówó. Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ 17 ni wọ́n láti 2023, wọ́n ti kéde Perth Bears fún 2027 àti ẹgbẹ́ Papua New Guinea fún 2028. Wests Tigers gbẹ̀yìn ní 2022, 2023 àti 2024 tẹ̀léra, wọ́n sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́gíbì líìgì ni eré àkọ́kọ́ ní Sydney àti Brisbane. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló jókòó sórí àga yẹn. Owó ló jẹ́ kí ìwé àṣẹ rọrùn fún wọn, kì í ṣe ìwé àṣẹ ló bí owó náà.

Kò sì rọrùn fún gbogbo wọn. Nígbà tí NRL fẹ́ dín ẹgbẹ́ kù sí 14 fún sáà 2000, òṣùwọ̀n wọn gé South Sydney Rabbitohs kúrò, ẹgbẹ́ tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ líìgì ní 1908. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jáde sí ìgboro Sydney fún ìwọ́de. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n jàre ní 2001, wọ́n padà sórí pápá ní 2002, wọ́n sì gba ife ní 2014. Ibi tí ìgbìmọ̀ bá ti ń dájọ́, ẹ retí lọ́yà. Tábìlì kì í dé kóòtù.

Òṣùwọ̀n alámì 20

Èyí tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí jẹ́ àdàlù. Iléeṣẹ́ IMG, tó ń ṣòwò eré ìdárayá, bá àwọn aláṣẹ líìgì ṣe àdéhùn ọdún 12 ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ dìbò gba òṣùwọ̀n rẹ̀ ní 2023. Òun ló wà nínú ìwé tó fi London sí ipò 24. Nínú àmì 20, ìṣe lórí pápá mú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, olólùfẹ́ (èrò ìwòran, tẹlifíṣọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì) mú 25, owó mú 22.5, pápá ìṣeré mú 15, àdúgbò mú 12.5. Ẹni tó bá lé ní 15 wà ní ìpele A, tábìlì kò sì lè lé e bó ti wù kó gbẹ̀yìn tó. Àwọn ti ìpele B, tí àmì wọn kò tó bẹ́ẹ̀, ló ń du àyè tó bá kù.

Ohun tó dáa nínú rẹ̀: ó sọ fún ẹgbẹ́ ohun tó yẹ kó tún ṣe. Wakefield já ní 2023. Matt Ellis ra ẹgbẹ́ náà, wọ́n parí ìjókòó tuntun, wọ́n tún pápá ṣe, wọ́n gba ìpele kejì lórí pápá ní 2024, òṣùwọ̀n náà sì gbé wọn padà. Wọ́n gòkè lójú ọ̀nà méjèèjì, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà.

Ohun tí kò dáa: ẹ̀yìn ló ń wò. Salford ṣe ipò kẹrin ní 2024, òṣùwọ̀n sì dá wọn sí fún 2025. Nígbà tí eré àkọ́kọ́ sáà fi máa dé, wàhálà owó ti dé ọrùn, wọ́n dín iye tí wọ́n lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù kù, wọ́n sì kó àwọn ọmọdé lọ bá St Helens. 82 sí òdo. Kò sí àmì kankan nínú 20 yẹn tó rí i lókèèrè. Nígbà tí wọ́n fi líìgì sí ẹgbẹ́ 14 fún 2026, Salford ti kúrò níbẹ̀, Bradford, Toulouse àti York ló wọlé.

Ó sì tún ku ti àdúgbò. Iye ènìyàn tó ń gbé nítòsí pápá wà nínú ohun tí wọ́n ń kà. Kí ni Featherstone fẹ́ ṣe sí ìyẹn, kí wọ́n máa bímọ kíákíá?

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yàn

Bí ẹ bá ń ṣètò líìgì, ẹ kọ́kọ́ ka ẹgbẹ́ ìpele kejì tó lè san owó oṣù fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá gòkè lọ́la. Bí wọn kò bá pé mẹ́ta, ẹ fi ìwé àṣẹ ṣe é, ẹ má fi jíjábọ́ ṣeré. Bí wọ́n bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé àṣẹ á kàn máa sé wọn mọ́ ìsàlẹ̀ ni. Èmi ì bá mú gòkè-jábọ́, pẹ̀lú àbùdá méjì: kí ohun tí ẹ ń béèrè nípa pápá àti owó wà ní gbangba ní ọdún méjì ṣáájú, kí Hunslet mìíràn má baà wà, kí ẹgbẹ́ tó gòkè sì ní ààbò ọdún méjì tàbí mẹ́ta bíi ti Catalans. Kí wọ́n fi kún iye ẹgbẹ́ lọ́dún tí wọ́n bá fúnni ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíì má baà já ní ipò Castleford.

Líìgì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá pálá, bíi ti rọ́gíbì líìgì Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ní Èkó ní 2019, kò tíì ní ohun tó ń ṣe pẹ̀lú èyíkéyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbá, kó wá gbá.

Olówó tó fẹ́ ra ẹgbẹ́: ìwé àṣẹ ló dùn mọ́ yín nínú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí ẹgbẹ́ náà ń tà ní ilé ọtí àti ní ẹnu ọ̀nà pápá kí ẹ tó wo ìwé tí ìgbìmọ̀ fún un. Crusaders àti Bradford ní ìwé náà.

Olólùfẹ́ kò ní nǹkan kan láti yàn, ilé ni wọ́n ti bí i sínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù ló yẹ kó fara balẹ̀ jù. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ wá ìlà tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù yín bí ẹgbẹ́ bá kúrò lókè, ì báà jẹ́ tábìlì ló lé e, ì báà jẹ́ ìgbìmọ̀. Ìlà mìíràn máa ń sọ ti tábìlì nìkan. Bí ti ìgbìmọ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí ẹ tó gbé bírò.